Ohun tí ilé kẹ̀kẹ́ Newport lè ṣe fún ọmọ yín, àti èyí tí kò lè ṣe

Ìyá kan tó ń gbé ní Newport, ní Wales, ló kọ̀wé béèrè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ti ń lọ sí ilé eré kẹ̀kẹ́ tó wà ládùúgbò wọn láti bí ọdún kan ààbọ̀. Ó mọ̀ ọ́n wà, olùkọ́ rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Àfi bí ọmọ ṣe wo Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ojú títì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń sá ní Faransé, lórí tẹlifíṣọ̀n, tó wá ní òun ò yípo nínú ilé mọ́, ojú títì lòun ń lọ. Bàbá rẹ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Ohun tí ìyá wá ń béèrè nìyí: "Orúkọ Geraint Thomas ni wọ́n kọ sára ilé yẹn, wọ́n sì ní òun náà gba Tour de France. Ṣé àwọn ọdún tó fi ń yípo lórí pápá ràn án lọ́wọ́ lójú títì, àbí ó kàn fi wọ́n ṣòfò kó tó rí ọ̀nà gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi, torí kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì yẹn gan-an, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bíréèkì kúrò nílẹ̀, torí bí ẹ̀rù bá ṣì wà nínú ìyá, àlàyé yòówù tí mo bá ṣe kò ní wọlé.

Kẹ̀kẹ́ orí pápá kò ní bíréèkì lóòótọ́, kò sì ní jíà tí wọ́n ń yí. Ṣéènì rẹ̀ so pẹ́dàlì mọ́ táyà ẹ̀yìn débi pé bí táyà bá ti ń yí, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí. Ọmọ ò lè dá ẹsẹ̀ dúró kí kẹ̀kẹ́ sì máa yọ́ lọ bíi ti kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀yin mọ̀. Bó bá fẹ́ dín eré kù, á rọra máa fi ẹsẹ̀ ti pẹ́dàlì padà, tàbí kó gun ògiri pápá lọ sókè kí òkè bá a gba eré náà lára. Nígbà tí kò sì ti sẹ́ni tó ní bíréèkì, kò sẹ́ni tó lè ṣàdéédé dúró gbagidi níwájú ẹlòmíì. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sún mọ́ ara wọn tó bí ẹ ṣe ń rí i. Bí ẹnì kan bá gbé bíréèkì wọ ibẹ̀, òun gan-an ló máa dá gbogbo wọn dojú bolẹ̀.

Pápá Newport jẹ́ mítà 250 ní ìyípo kan, pákó ni gbogbo rẹ̀, ibi ìyànà rẹ̀ sì dà sókè bí òrùlé, ìwọ̀n 42 dígírì. Mo ti rí géńdé ọkùnrin tó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó gbọ́wọ́ lé ògiri pákó náà, tó wò ó lọ sókè, tó sì lọ jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ta tíì. Eré ló ń gbé kẹ̀kẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹni tó ń sáré kì í yọ̀. Ojo tó ń fà lẹ̀ ni táyà rẹ̀ máa ń yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ yín ti kọ́ èyí ní ọmọ ọdún 13. Ọ̀pọ̀ àgbà tó fowó rẹpẹtẹ ra kẹ̀kẹ́ ojú títì ò mọ̀ ọ́n dòní.

Ó yá, Thomas. Inú ilé yẹn kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ o. Cardiff ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1986. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọmọdé kan tó ń jẹ́ Maindy Flyers, ní pápá Maindy, pápá gbangba tí òjò Wales ń pa, èyí tí gbogbo wa sì mọ̀ pé kì í dá bọ̀rọ̀. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé Newport, nígbà tóun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di géńdé, ọdún 2018 tó gba Tour ni wọ́n sì tó wá sọ ilé náà ní orúkọ rẹ̀. Láti inú ẹgbẹ́ Maindy Flyers yẹn náà ni Elinor Barker, Owain Doull àti Luke Rowe ti jáde. Ẹgbẹ́ ọmọdé kan ṣoṣo, ní àdúgbò kan ṣoṣo.

Ibi tí mo fẹ́ kí bàbá ọmọ tẹ́tí sí nìyí. Ní ọdún 2004, nígbà tí Thomas pé ọmọ ọdún 18, ó gba Paris–Roubaix ti àwọn ọ̀dọ́, ìyẹn eré ojú títì olókùúta ní àríwá Faransé, níbi tí òkúta ti ń gbo èèyàn bí ìgbà tí wọ́n ń ku èlùbọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, ó di ọ̀dọ́ tó mókè jù lágbàáyé nínú ọ̀kan lára àwọn eré orí pápá. Ọdún kan náà, ẹsẹ̀ méjì kan náà. Ẹ ò rí i pé ìjà pápá àti títì tó ń lọ nínú ilé yín, kò sírú ẹ̀ nínú ayé ọkùnrin yìí? Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú èkejì. Ó so méjèèjì pọ̀ fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́jọ.

Eré àlépa ẹlẹ́ni mẹ́rin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di èèyàn ńlá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń lọ dáadáa, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Ẹgbẹ́ méjì ló ń sá a. Ọ̀kan máa gbéra ní ẹ̀gbẹ́ kan pápá, èkejì ní òdìkejì, wọ́n á sì máa lé ara wọn fún kìlómítà 4, ìyẹn ìyípo 16 ní pápá bíi ti Newport. Ẹni iwájú ló ń fi àyà gba afẹ́fẹ́, àwọn mẹ́ta tó kù á sá sẹ́yìn rẹ̀, táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Bó bá ti fà wọ́n tó, yóò yà gun ògiri pákó lọ sókè níbi ìyànà, àwọn yòókù á gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá fìrì, òun á sì já bọ́ sẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Bó bá pẹ́ kó tó já, àlàfo ti ṣí nìyẹn, afẹ́fẹ́ á sì jẹ ẹ́ níyà kó tó bá wọn. Bó bá yá jù, á gbá ẹni ìkẹyìn lára. Aago ò sì ní dúró àfi ìgbà tí táyà ẹni kẹta bá kọjá ilà. Nítorí náà, nínú àwọn mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ló láǹfààní láti tú sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta tó kù gbọ́dọ̀ jọ dé ni.

Níbi Òlíḿpíìkì ní Beijing lọ́dún 2008, Thomas, Ed Clancy, Paul Manning àti Bradley Wiggins gba wúrà eré yìí pẹ̀lú ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 53.314. Ó lé ní kìlómítà 61 ní wákàtí kan, láti ìdúró o! Kò tíì sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé títí di ọjọ́ náà. Ní London lọ́dún 2012, òun àti Clancy tún gba wúrà náà, pẹ̀lú Steven Burke àti Peter Kennaugh, wọ́n sì tún fi 3:51.659 fọ́ àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀.

Kí ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń kọ́ èèyàn? Ó ń kọ́ ọ láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí, kó wà ní etí ibẹ̀ gan-an láì jábọ́. Ó ń kọ́ ọ láti di ẹ̀yìn ẹlòmíì mú láìjayà. Ó sì ń kọ́ ọ láti tẹ ara ba, kó kéré lójú afẹ́fẹ́, kí èjìká má mì. Lójú títì, eré kan wà tó ń béèrè nǹkan wọ̀nyí gan-an: eré àdáwà, níbi tí wọ́n ti ń tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kálukú ń bá aago jà. Ní oṣù Karùn-ún 2012, tó ku bí oṣù mẹ́ta sí London, Thomas lọ sá Giro, eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti Ítálì, bíi Tour ti Faransé. Ó ṣe ipò kejì nínú eré àdáwà ọjọ́ àkọ́kọ́, ó tún ṣe ipò kejì nínú ti ọjọ́ ìkẹyìn ní Milan. Pápá nìyẹn, ó ti ń sanwó lójú títì.

Àmọ́ ó ná an ní nǹkan o, n kò ní purọ́ fún yín. Ní 2008, torí Beijing, kò lọ Tour. Ní 2012, torí London, kò tún lọ, ọdún yẹn gan-an sì ni Wiggins, ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ Sky, di ọmọ Ìlú Ọba àkọ́kọ́ tó gba Tour de France. Thomas wà nídìí pákó tó ń yípo. Bí bàbá ọmọ bá ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun nìyẹn.

Lẹ́yìn London ló wá kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí pápá pátápátá, tó gbájú mọ́ títì. Ibẹ̀ náà ni ohun tí pápá ò lè fún un ti wá hàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sá Tour, ní 2007 pẹ̀lú ẹgbẹ́ Barloworld, òun lọ́jọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn. Láti ìgbà Colin Lewis ní 1967, ọmọ Wales kankan ò tíì débẹ̀. Eléré 141 ló parí, ipò 140 ni Thomas wà. Ẹnì kan péré ló bo àṣírí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 2013, tó ti gba wúrà Òlíḿpíìkì ẹ̀ẹ̀mejì, ipò wo ló tún wà? 140! Ti ọ̀tẹ̀ yìí ní àlàyé ṣá: ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló ṣubú ní erékùṣù Corsica, egungun ìbàdí rẹ̀ sán, ó sì fi bẹ́ẹ̀ wà á títí dé Paris. Chris Froome, ọ̀gá tó ń ràn lọ́wọ́, ló gba Tour ọdún náà.

Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ yẹn, ẹni tí kò bá mọ eré yìí kì í kà á sí. Nínú ẹgbẹ́ kan, ẹnì kan ni wọ́n ń sìn. Àwọn yòókù á máa padà lọ sídìí mọ́tò ẹgbẹ́ lọ kó ike omi, wọ́n á kì í sínú ẹ̀wù, wọ́n á wá a bá ọ̀gá níwájú. Wọ́n á bá a gba afẹ́fẹ́. Bí táyà ọ̀gá bá jò, wọ́n lè yọ tiwọn fún un. Ọdún tí Thomas fi ṣe é kò kéré. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ òkè gígùn díẹ̀díẹ̀.

Òkè ni ìṣòro. Mítà 1.83 ni Thomas ga, ara tó sì ń gba wúrà lórí pákó kì í ṣe ara tó ń gun òkè. Lórí pápá tó tẹ́jú, iṣan itan tó ki jẹ́ ọrọ̀. Lórí òkè tó tó wákàtí kan, gbogbo ohun tó bá wà lára rẹ ni wàá rù lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sọ ara rẹ̀ di fífúyẹ́, pẹ̀lú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mà, níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ kí n ké gbàjarè díẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ọmọ ọdún 13 dín oúnjẹ kù kó lè gun òkè, ẹ lé e jáde. Ọmọ tó ń dàgbà ni. Ẹ fún un ní ẹ̀bà rẹ̀ kó yó.

Ìṣubú ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ Thomas. Ní 2005, nígbà tó ń ṣe ìdánrawò ní Sydney, ó ṣubú débi tí dókítà fi ní láti yọ ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ìhà òsì, èyí tí òyìnbó ń pè ní spleen. Ní Tour 2015, ẹnì kan gbún un lójú ìyànà nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ó forí sọ òpó, ó bọ́ sínú kòtò, ó sì dìde gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Ní Rio 2016, ó ṣubú nígbà tí àmì ẹ̀yẹ ti ń ta á sánsán. Ní 2017, ọ̀kadà ọlọ́pàá tó dúró létí títì dà á nù kúrò nínú ìdíje Giro. Ní oṣù Keje ọdún náà, lẹ́yìn tó ti gba ọjọ́ àkọ́kọ́ Tour ní Düsseldorf, tó sì di ọmọ Wales àkọ́kọ́ tó wọ jẹ́sì yẹ́lò, ìyẹn ẹ̀wù ẹni tó ń ṣíwájú nínú Tour, egungun èjìká rẹ̀ kán. Giro 2020 ló wá burú jù lójú tèmi: eré ò tíì bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń wọ́ lọ ni, ike omi kan yí gbirigbiri wá sábẹ́ táyà rẹ̀, egungun ìbàdí tún sán. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí, ẹyọ kan péré, ti Sydney, ló kan ìdánrawò àwọn ará pápá. Ojú títì tó ní bíréèkì ni ìyókù. Nítorí náà bí ẹ bá ń bẹ̀rù, mà, ẹ darí ẹ̀rù náà síbi tó tọ́.

Ọdún 2018 ló wá dé. Thomas ti pé 32. Ó ti gba Dauphiné, eré ọlọ́jọ́ mélòó kan tí wọ́n ń sá ní Faransé ṣáájú Tour, ní oṣù Kẹfà, síbẹ̀ Froome, tó ti gba Tour ẹ̀ẹ̀mẹrin, ṣì ni gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá ẹgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n gun òkè La Rosière, Thomas já wọn sílẹ̀, ó gba jẹ́sì yẹ́lò. Lọ́jọ́ kejì, Alpe d'Huez. Òkè yẹn ní ìyànà 21, èrò ń kígbe lọ́tùn-ún lósì títí kò fi sí ju ibi tí kẹ̀kẹ́ kan lè gbà lọ. Àwọn díẹ̀ ló kù níwájú nígbà tó di ibi tó kẹ́yìn: Thomas, Tom Dumoulin, Romain Bardet, Mikel Landa, àti Froome fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìlà, ìyànà kan ló kù sọ́wọ́ òsì. Thomas kọ́kọ́ wọ ìyànà náà, ó jáde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú eré tí ẹnikẹ́ni ò lè bá mọ́. Èmi tó jókòó tí mò ń wò ó, mo ní, "Pákó nìyẹn!" Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yí ìyànà ló mọ ibi tí èèyàn ti ń wọ̀ ọ́. Kò sí ọmọ Ìlú Ọba tó gba Alpe d'Huez rí kó tó di ọjọ́ náà.

Ó ku eré àdáwà kan kí wọ́n tó wọ Paris, kìlómítà 31, tí wọ́n parí ní Espelette. Dumoulin, tó wà ní ipò kejì, ni ọba irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà náà, òun náà ló sì gbà á. Ìṣẹ́jú-àáyá 14 péré ló fi ju Thomas lọ. Thomas fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 51 borí gbogbo rẹ̀ pátá, ọmọ Wales àkọ́kọ́ tó gba Tour de France, ó sì gbé àsíá dírágónì pupa ìlú rẹ̀ gun orí pèpéle ní Paris. Láàárín ìgbà tó wà ní ipò 140 ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ọjọ́ yìí, ọdún 11 ni. (Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí olè jí ife náà gbé níbi ìpàtẹ kẹ̀kẹ́ kan ní Birmingham. Olè ò mọ ẹni tó jìyà.)

Ó ṣe ipò kejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ipò kẹta ní 2022. Ní Giro 2023, tó ti pé 37, Primož Roglič gba jẹ́sì aṣíwájú lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, nínú eré àdáwà tó gun òkè Monte Lussari, ó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 14 jù ú lọ. 14 kan náà. Lọ́jọ́ kejì ní Rome, èèyàn mìíràn ì bá sá sẹ́yìn agbo lọ ronú. Thomas lọ síwájú pátápátá, ó fi àyà gba afẹ́fẹ́ fún Mark Cavendish, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ tí kò sí lẹ́gbẹ́ tirẹ̀ rárá, Cavendish sì gba ọjọ́ náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025 ló fẹ̀yìn tì, nínú Tour of Britain. Láti Newport yín yẹn ni wọ́n ti gbéra lọ́jọ́ ìkẹyìn, Cardiff ni wọ́n parí sí.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé dandan ni pápá. Ọ̀nà kan ò wọjà. Nicole Cooke, ọmọ Wales náà, títì ló gbé e jáde, òun ló sì gba wúrà eré ojú títì àwọn obìnrin ní Beijing. Ní ti Owain Doull, ó gba wúrà àlépa ẹlẹ́ni mẹ́rin ní Rio kó tó di ará títì pátápátá. Elinor Barker gba wúrà ní Rio, ó bímọ, ó padà wá gba fàdákà àti idẹ lórí pápá ní Paris 2024, ó sì ti sá eré ojú títì pẹ̀lú.

Ìmọ̀ràn mi lórí ti ọmọ yín: kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé yẹn báyìí, kò sì yẹ kí ẹ fi títì dù ú. Ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ sí eré ojú títì tí wọ́n sé mọ́. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé 16 kì í díje láàárín mọ́tò ní Ìlú Ọba. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ àlòkù tó bá gíga rẹ̀ mu lónìí. Ẹ má ra èyí tó máa tóbi tó o lọ́dún méjì sí i. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàtà iléèwé, kẹ̀kẹ́ ò gbà á. Nígbà tó bá di ọmọ ọdún 17 tàbí 18, òkè fúnra rẹ̀ máa sọ fún un irú ara tó ní.

Bí ẹ bá sì tún lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ má jókòó síbi ìlà ìparí. Ẹ lọ síbi ìyànà, kí ẹ wo èjìká rẹ̀ nígbà tó bá wà lẹ́yìn ẹlòmíì. Bí èjìká náà bá dúró jẹ́ẹ́, tí kò gbọ̀n, tí orí ò máa yí sọ́tùn-ún sósì, ẹ pe bàbá rẹ̀ kó wá wò ó.